Orí ìyàwó mi ń fọ́, ibà ni gbogbo wọn ń tọ́jú: ta ló ń tọ́jú túúlu nílẹ̀ wa?

Ìbéèrè láti Ọ̀tà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti bí ọmọ wa kejì, tó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ni orí ti ń fọ́ ọ. Apá kan ló máa ń mú, á máa lù ú kìkì, á máa bì, kò sì ní lè wo iná. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó dìde. A ti tọ́jú ibà, a ti tọ́jú taifọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kó lo gíláàsì, ó ń lò ó. Ọsibítù aládàáni kan wá ní ká lọ ya àwòrán ọpọlọ, owó tí wọ́n pè ju owó oṣù mi lọ. Ṣé dókítà orí fífọ́ tiẹ̀ wà ní Nàìjíríà? Àbí ti olówó nìkan ni?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Apoògùn ni mí, Ìbàdàn ni mo wà, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í gbé orí fífọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé síbí, àwọn èèyàn ti fèsì: ẹnì kan ní ibà tó wọra ni, nọ́ọ̀sì kan ní kí ẹ lọ ya àwòrán náà kíákíá, arákùnrin kan ní London ní òun á fi oògùn ránṣẹ́, màmá kan ní gbẹ́rẹ́ ni kí ẹ lọ sín. Màá dé orí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó béèrè lóhùn.

Dókítà rẹ̀ wà, wọn ò pọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, wọ́n sì gbé iye wọn jáde ní 2017. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù, bí ẹnì kan péré ló wà fún mílíọ̀nù kan èèyàn. Ní àwọn tó lówó jù, ó lé ní 70. Wọn ò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn tó tálákà jù, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tiwa kéré, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú ńlá ni wọ́n sì kó jọ sí. Ẹni tó wà ní Ìgangan tàbí Ìmẹ̀kọ á wọ ọkọ̀ ná, á sùn mọ́jú níbì kan, kó tó tò sórí ìlà.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ yín rèé. Ìyàwó yín kò nílò dókítà àgbà yẹn, ó kéré tán kò tíì nílò rẹ̀. Ẹni tó máa jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó máa bi í ní ìbéèrè tó yẹ, ni kò tíì rí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kárí ayé ti sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú èèyàn mẹ́wàá tí orí fífọ́ gbé wá sílé ìwòsàn, mẹ́sàn-án ló ṣeé tọ́jú ní ilé ìwòsàn àdúgbò, láìsí ẹ̀rọ ńlá kankan.

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí àwọn dókítà ń lò. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ṣé inú máa ń rìn ín tàbí kó bì? Ṣé ìmọ́lẹ̀ máa ń ni ín lára? Ṣé ó ti dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ilé fún odidi ọjọ́ kan láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjì nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ túúlu, orí fífọ́ líle tó máa ń padà wá, tí òyìnbó ń pè ní migraine. Nínú ohun tí ẹ kọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀.

Mo ní ìbéèrè tèmi náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi í. Ìkíní: lóṣù kan, ọjọ́ mélòó ló ń lo oògùn orí fífọ́, èwo sì ni? Ìkejì: láti ìgbà tó ti bímọ, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí wo ló ń lò? Ìkẹta: kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ó máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí ìlà wọ́gọwọ̀gọ lójú?

* * *

Ọ̀rọ̀ ibà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ibà ni, mo mọ ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ibà ń pa èèyàn nílẹ̀ wa, orí fífọ́ sì wà lára àmì rẹ̀. Àmọ́ ibà tó ń padà wá lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta, tí ara kì í gbóná, tó jẹ́ pé apá kan orí ló ń mú, ibà wo nìyẹn? Láti 2010 ni WHO ti ní kí ẹnikẹ́ni má fún èèyàn ní oògùn ibà láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àyè rẹ̀ bá wà. Àyẹ̀wò kíákíá yẹn, tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sí lórí ike kékeré, kò wọ́n rárá. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹni tó wá ra oògùn ibà nítorí pé orí ń fọ́ ọ, tí kò sì fẹ́ gbọ́ pé kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò.

Taifọ́ọ̀dù tún wá burú jù. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń wá a máa ń tanni jẹ níbi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀. Bí èèyàn bá ti ní in rí, ó lè máa jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti san tán. Nígbà náà ni wọ́n á kọ abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún fún un. Orí náà á lọ, nítorí túúlu a máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé á sì ní abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Lóṣù tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ mìíràn. Mo ti rí ìdílé tí owó irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ owó ilé-ìwé ọmọ mọ́. Ó máa ń dùn mí wọra.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé túúlu ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará Igbó-Ọrà, èèyàn tó lé ní 18,000, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ní orí ti fọ́ àwọn rí, nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ní túúlu. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà ní Ethiópíà rí bíi 18 nínú 100 àgbàlagbà, ti Zambia rí bíi 23. Ìyẹn ni pé ẹni tí túúlu ń bá jà pọ̀ ní gbogbo ọjà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti gbogbo mọ́sálásí.

* * *

Nọ́ọ̀sì wa bínú sí mi, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún èèyàn pé kó má ya àwòrán ọpọlọ, pé òun ti rí ẹni tí kókó wà lórí ọpọlọ rẹ̀ tí wọ́n ń fún ní Panadol. Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí, mi ò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká to ohun tó yẹ kó gbéni lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an sílẹ̀: orí tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí àrá sán, tó le ju gbogbo èyí téèyàn ti ní rí, orí fífọ́ pẹ̀lú ara gbígbóná àti ọrùn tó gan, nítorí ó lè jẹ́ yírùnyírùn, apá tàbí ẹsẹ̀ tó kú, ẹnu tó wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ni lẹ́nu, gìrì, ojú tó ń fọ́ lọ, orí fífọ́ lẹ́yìn tí èèyàn ṣubú tàbí tó ní jàǹbá ọkọ̀, orí fífọ́ tuntun lára ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tàbí lára ẹni tó ní kòkòrò HIV tàbí jẹjẹrẹ, aboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má sọ pé ilẹ̀ á mọ́. Òun ló ń di gìrì aboyún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ ti ń fọ́ lọ́nà kan náà láti ọdún mẹ́ta, tó máa ń dá láàárín, tí dókítà yẹ ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò tí kò rí nǹkan, àwòrán náà kì í sábà fi nǹkan kan hàn. Owó àwòrán yìí sábà máa ń ju 70,000 náírà tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: wọ́n á yá owó, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á dá a padà sílé láìkọ oògùn túúlu kankan. Gbogbo owó tí ìbá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì ti bá àwòrán lọ. Ìjà tí mo ń jà nìyẹn, àǹtí mi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tí wọ́n rí ìdí, kó lọ ya á, mo fara mọ́ ọn.

* * *

Arákùnrin wa ní London, ẹ ṣeun fún àánú yín. Oògùn tí ẹ ń sọ, sumatriptan, oògùn túúlu gidi ni; ọdún 1991 ló dé ọjà. Láti 2006 ni apoògùn ní Bírítéènì ti lè ta á láìsí ìwé dókítà. WHO náà fi í sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2021. Níhìn-ín, ẹ lè rìn dé kẹ́míìsì mẹ́wàá kí ẹ má rí i, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá rí i, owó rẹ̀ á bà yín lẹ́rù.

Àmọ́ ẹ má kàn fi í ránṣẹ́ bí ẹni fi bàtà ránṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tí wọn ò tíì rí i so kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn. Àwa ará Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn tirẹ̀ ná.

Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí kì í jẹ́ kí túúlu dé, tí ẹ ka nípa wọn, ńkọ́? Èyí àkọ́kọ́, erenumab, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2018, nǹkan bíi $6,900 ni wọ́n pe ti ọdún kan nígbà náà. Inú mi dùn fún ẹni tó bá rí i gbà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí rò pé nítorí pé òun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ni orí òun ò fi san.

* * *

Oògùn orí fífọ́ fúnra rẹ̀ lè máa fọ́ni lórí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni kì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Ẹni tí orí máa ń fọ́, tó bá ń lo paracetamol, ibuprofen tàbí aspirin lásán ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, orí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lójoojúmọ́ nítorí oògùn náà. Fún oògùn alápòpọ̀, irú èyí tí wọ́n fi kaféènì sí, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fa wàhálà. Bákan náà ni fún àwọn oògùn tó le bíi sumatriptan, ergotamine, codeine àti tramadol.

Ẹ wá wo ohun tí à ń lò nílé. Panadol Extra ní kaféènì nínú. Alábùkún, tí Jacob Ṣógbóyèga Ọ̀dúlàtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, aspirin àti kaféènì ni. Oògùn tó ti gba àìmọye èèyàn lọ́wọ́ orí fífọ́ láti ìgbà àwọn bàbá wa ni, wọ́n sì ń rà á dé Kòtònù. Ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò jayò pa. Ti ẹni tó ń dà á sẹ́nu láràárọ̀ kó tó gbé igbá lọ sọ́jà ni mò ń sọ, torí orí fífọ́ tó fẹ́ fi dá dúró ni oògùn náà tún ń mú le sí i.

Àwa olóògùn náà ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tó ní "ẹ po oògùn orí fún mi", ó yẹ ká bi í pé ìgbà mélòó lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í béèrè, wọ́n á kó oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n á gbowó. WHO gbé ìwé kan jáde ní 2011 nípa orí fífọ́ kárí ayé: nínú 10 èèyàn tí àlòjù oògùn ń fọ́ lórí, bí ẹnì kan péré ni òṣìṣẹ́ ìlera máa ń bá mọ̀ ọ́n. Ìwé yẹn kan náà ló ní wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nípa orí fífọ́, nínú gbogbo ọdún tó fi wà ní yunifásítì. Ẹ rò ó wò. Mi ò lè bú dókítà ọ̀dọ́ tó ń rí ọgọ́rin aláìsàn lójúmọ́ pé kò mọ ohun tí wọn ò kọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ wọn ni mo ń bá wí, àti ìjọba tó ń na owó àrùn láìfi èyí kún un rárá, nítorí pé kì í pani.

* * *

Màmá wa tó mẹ́nu ba gbẹ́rẹ́: ẹ kúuṣẹ́ mà. Mo mọ̀ pé wọ́n sín in fún yín nígbà èwe, ẹ sì ní ó tán. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tí ara yín rí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí abẹ náà jẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV, kí ẹ má sì ní kó da agbo mọ́ oògùn òyìnbó lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó ní ayé ló ń ta á, tí wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ebi, òùngbẹ àti àìsùn wà lára ohun tó ń jí túúlu dìde jù. Ẹ gbàdúrà fún un dáadáa, èmi náà á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹun kó sì mumi.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà. Ó ní àwọn jọ kà á lórí kàlẹ́ńdà, ìyàwó òun lo oògùn alápòpọ̀ tó ní kaféènì ní ọjọ́ 19 nínú oṣù tó kọjá. Ó ní láti ìgbà tó ti bímọ ló ti ń lo oníhóró ojoojúmọ́ ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó tún ní kí orí náà tó dé, ìmọ́lẹ̀ kan máa ń tàn wọ́gọwọ̀gọ lójú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú ogún.

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ wá gbọ́ mi dáadáa. Lọ́la, kó mú páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí wọ́n ti fún un. Bó bá jẹ́ alápòpọ̀ tó ní estrogen, ìyẹn èròjà hòmóònù obìnrin, obìnrin tó ní túúlu tó ń tàn lójú kò gbọ́dọ̀ lò ó; WHO kà á mọ́ èyí tí kò yẹ rárá, nítorí rọpárọsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ òun ló jí túúlu náà. Àwọn mìíràn wà tí kò ní estrogen: èyí tí wọ́n ń fi sápá, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Kó má kàn dá a dúró láìní òmíràn, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ ọmọ kẹta.

Ẹ wo iye ibi tí obìnrin yìí dé: ọ̀dọ̀ onígíláàsì, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọsibítù. Kò sí ẹni tó béèrè oògùn tó ń lò lójoojúmọ́. Ìbéèrè ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, oògùn orí. Kó dá alápòpọ̀ tó ní kaféènì yẹn dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, orí á fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ bá a gbé iṣẹ́ ilé. Ó máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Kí ẹ ní kí dókítà ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín wo oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí túúlu má baà dé: propranolol tàbí amitriptyline. Oògùn àtijọ́ ni méjèèjì, wọ́n sì wà lára èyí tí owó wọn rẹlẹ̀ jù lórí pẹpẹ mi. Bó bá ní ásímà, propranolol kò yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ valproate, kí ẹ sọ fún wọn pé ó ṣì lè lóyún, nítorí ó máa ń ba ọmọ inú jẹ́.

Ibi tí ìtọ́jú yìí ti máa ń fọ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò á rí propranolol, á ní "ẹ̀jẹ̀ rẹ ò ru, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ẹlòmíràn á ka ìwé inú páálí amitriptyline, á ní oògùn wèrè ni wọ́n fún un. Mo ti rí obìnrin tó sọ ọ́ dànù sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tó ní túúlu lálẹ́ yàtọ̀ sí ti àìsàn ọpọlọ. Á jẹ́ kó sùn, ẹnu rẹ̀ á gbẹ díẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ fún un tó oṣù méjì kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí túúlu bá dé ńkọ́? Kó tètè lo oògùn, kó má dúró dìgbà tó bá di ìjì. Paracetamol méjì oní-500, tàbí ibuprofen 400 lẹ́yìn oúnjẹ bí kò bá ní ọgbẹ́ inú. Kí ẹ béèrè oògùn èébì kún un lọ́dọ̀ dókítà, nítorí inú kì í tètè gba oògùn nígbà túúlu. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ.

* * *

Sí ẹni tó kọ ọ́ pé kó lo tramadol: rárá o. Ó ń dè èèyàn mọ́lẹ̀, ó ń fa gìrì, ó sì ń dá orí fífọ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ kó má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan náà. Kó lọ rí dókítà kí wọ́n máa dín in kù fún un.

Ẹnì kan béèrè bóyá ètò adójútòfò ìlera ìjọba lè san owó ìtọ́jú yìí. Òfin 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní in, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wa ṣì ń sanwó látinú àpò. Bí ìpínlẹ̀ yín bá ní, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Propranolol àti amitriptyline tí mo dárúkọ kì í ṣòro láti rí gbà níbẹ̀. Ìṣòro ni kí dókítà kọ wọ́n fún orí fífọ́.

* * *

Olùkọ́ kan láti Ìsẹ́yìn ló béèrè kẹ́yìn: ọmọbìnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ máa ń gbé orí lé tábìlì ní ọ̀sán, á bì, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, wọ́n sì ti nà án rí.

Tísà mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án mọ́. Túúlu ń mú ọmọdé, ti ọmọbìnrin sì sábà máa ń le sí i tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ẹ bi í bóyá ó jẹun kó tó wá sílé-ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn ni kì í jẹun àárọ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó sùn níbi tí oòrùn kò dé fún wákàtí kan. Ẹ má rán ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ ra oògùn ẹlẹ́bu bí Alábùkún fún un, nítorí aspirin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Paracetamol ni, bí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe rí. Kí ẹ bá a kọ ọjọ́ tí orí náà bá fọ́ ọ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó jẹ àti bó ṣe sùn. Tó bá tó oṣù méjì, kí ìyá rẹ̀ mú ìwé náà dání lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ibà.